Èwo Ló Wà Lẹ́nu Iṣẹ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Tó Ní Graphics Méjì

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin gan-an ni mo torí yín gbà láti wá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ò sì tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó jẹ́ pé lápútọ́ọ̀pù yín ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Àpò yín ni owó ti ń jáde.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Bí kọ̀ǹpútà tó ní graphics méjì bá ń ṣe ségesège, tí géèmù ń fà, tí ìlà aláràbarà ń jáde lójú rẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ má tíì béèrè bóyá káàdì graphics ti kú. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé èwo nínú méjèèjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Mo ti rí lápútọ́ọ̀pù tí wọ́n sọ fún olówó rẹ̀ pé bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́, ti jóná, tí wọ́n ti ṣírò owó bọ́ọ̀dù mìíràn fún un, tó sì jẹ́ pé driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá graphics ṣiṣẹ́, ni wọn ò tò bó ṣe yẹ. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Ẹni tó máa ń ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ olówó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yàwòrán ilé ni, tàbí ọmọ tó ń gé fídíò ìgbéyàwó láti fi jẹun. Bí a bá gba owó bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí wákàtí kan lè yanjú, a ti pa á lára.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ná. Graphics ni ẹ̀yà tó ń ṣírò gbogbo ohun tí ojú wa ń rí lórí síkírìnì. Nínú ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù alágbára, méjì ló wà. Ọ̀kan wà nínú processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fúnra rẹ̀: Intel HD, Intel UHD, Iris Xe, tàbí Radeon tó wà nínú processor AMD. Ìyẹn ni mo máa pè ní ti inú. Kò ní RAM tirẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ sí; inú RAM kọ̀ǹpútà ló ti ń yá lò. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, kì í gbóná púpọ̀, agbára rẹ̀ náà sì mọ níwọ̀n. Ìkejì dá wà lórí bọ́ọ̀dù, ó sì ní RAM tirẹ̀ nítòsí: GeForce tàbí Quadro ti NVIDIA, tàbí Radeon tó dá dúró. Ìyẹn ni mo máa pè ní adádúró. Alágbára ni, àmọ́ ó ń jẹ bátìrì, ó sì ń gbóná.

Bátìrì yìí gan-an ló fà á tí wọ́n fi kó méjèèjì sínú ẹ̀rọ kan. Lọ́dún 2006, Sony gbé Vaio SZ jáde. Bọ́tìnì kan wà lókè kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tí wọ́n kọ STAMINA sí apá kan rẹ̀, SPEED sí apá kejì. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ graphics á sún bọ́tìnì náà, á pa ẹ̀rọ, á tún un tàn. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2008, MacBook Pro ti Apple ní GeForce méjì, 9400M àti 9600M GT, ẹni tó bá sì fẹ́ pààrọ̀ ní láti jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ kó tún padà wọlé. Ta ló ráyè ìyẹn? Àwọn èèyàn á kàn fi í síbi tó wà. Oṣù kejì ọdún 2010 ni NVIDIA wá gbé ètò tí wọ́n ń pè ní Optimus jáde, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn lápútọ́ọ̀pù NVIDIA tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Kò sí bọ́tìnì mọ́. Driver ló ń wo ohun tí o ṣí, òun ló sì ń pinnu ẹni tó máa ṣe é.

Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níbí yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Optimus, adádúró ò so mọ́ ojú lápútọ́ọ̀pù rárá. Ti inú ni wáyà síkírìnì so mọ́. Bí o bá ṣí géèmù, adádúró á ya àwòrán tán, á gba orí PCI Express, ọ̀nà tó so àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ pọ̀, da á kọ sínú RAM tí ti inú ń lò, ti inú á wá gbé e síta fún ọ. Ó dà bí búkà tí ìyá ń se oúnjẹ lẹ́yìnkùlé, tí ọmọ rẹ̀ sì dúró lójú fèrèsé tó ń gbé e fún oníbàárà. Bí o bá lé ọmọ yẹn lọ sílé torí pé ìyá ló mọ oúnjẹ sè, oúnjẹ á jinná lóòótọ́, kò kàn ní dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á wọ Device Manager, ibi tí Windows to orúkọ àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ sí, wọ́n á rí Intel àti NVIDIA lábẹ́ Display adapters, wọ́n á ní NVIDIA ni àwọn fẹ́, wọ́n á tẹ Intel, wọ́n á yan Disable. Síkírìnì á ṣẹ́jú, ohun gbogbo á fẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, Windows á gbé Microsoft Basic Display Adapter síbẹ̀, géèmù ò sì ní ṣí mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa gbé e wá pé káàdì ti bàjẹ́. Kò sí ohun tó ṣe káàdì. Ẹ tún Intel tàn, ẹ restart, ẹ máa rí i pé ara rẹ̀ le.

Báwo wá la ṣe ń mọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí. Ẹ lọ sí Performance. Láti ọdún 2017 ni Windows 10 ti ń fi GPU 0 àti GPU 1 hàn níbẹ̀; GPU ni wọ́n ń pe ẹ̀yà graphics. Ẹ má fi nọ́ńbà nìkan dájọ́ o, ẹ ka orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ṣí géèmù náà, tàbí ètò ìyàwòrán bíi Blender tàbí AutoCAD, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, kí ẹ máa wo ìlà tó ń gòkè. Bí ti inú bá ti dé ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tí adádúró sì jókòó sórí òdo, a ti rí ibi tó ti ń wá. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ yẹn. Wọn ò gbé iṣẹ́ fún ẹni tó yẹ ni.

Ibi tí a ti ń tún un ṣe wà nínú Settings: System, Display, Graphics. Ọdún 2018 ni Windows 10 gbé e síbẹ̀. Ẹ yan ètò náà, ẹ lọ sí Options, ẹ mú High performance, ẹ pa ètò náà, ẹ tún un ṣí. NVIDIA Control Panel náà ní tirẹ̀ lábẹ́ Manage 3D settings, àmọ́ bí ohun tí ẹ yàn níbẹ̀ bá tako ti Windows, ti Windows ló máa ń borí. Mo ti rí ẹni tó ń yí ti NVIDIA padà lọ́tùn-ún lósì tí nǹkan kan ò yí, torí pé kò mọ̀ pé Settings ló ń pàṣẹ.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Nígbà mìíràn, adádúró ni kì í sùn. Bátìrì á máa tán kíákíá, fáànù á máa pariwo, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí o ń ṣe ju pé o ń ka ìwé lọ. Nínú NVIDIA Control Panel, ẹ ṣí àkójọ Desktop, ẹ yan Display GPU Activity Icon in Notification Area. Àmì kékeré kan á jáde nísàlẹ̀ síkírìnì, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dárúkọ ètò tó ń lo adádúró lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ browser, ó sì lè jẹ́ pé ẹ so tẹlifíṣọ̀n mọ́ HDMI ni, torí nínú àwọn lápútọ́ọ̀pù kan, ara adádúró ni ihò HDMI so mọ́. Bí wáyà bá wà nínú rẹ̀, adádúró ò lè sinmi.

Ihò HDMI yìí wúlò fún wa lọ́nà mìíràn pẹ̀lú. Bí ìlà bá ń jáde lójú lápútọ́ọ̀pù, ẹ so síkírìnì mìíràn mọ́ ọn. Bí ti ìta bá mọ́ kedere, tí ti ẹ̀rọ sì dàrú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ síkírìnì fúnra rẹ̀, tàbí wáyà pẹlẹbẹ tó gba inú ìdè ojú rẹ̀, ibi tí ojú ẹ̀rọ ti ń ṣí tó sì ń padé, kọjá. Ẹ rọra ṣí ojú ẹ̀rọ kí ẹ sì rọra pa á dé, kí ẹ wò bóyá ìlà náà ń yí. Bó bá ń yí, wáyà ni. Kò kan graphics kankan.

Èyí tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn jù lọ, torí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì ń sọ púpọ̀ fún wa. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ wọ BIOS, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ, kí Windows tó wọlé rárá. Ṣé ìlà náà wà níbẹ̀? Bó bá wà nínú BIOS, a ò lè dá driver lẹ́bi, torí driver ò tíì jí. Bó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ Optimus tí mo ṣàlàyé, a ò sì lè dá adádúró lẹ́bi, torí ti inú ló ń gbé BIOS síta. Ó kù sórí síkírìnì, wáyà rẹ̀, processor, tàbí RAM. Àwọn ọmọṣẹ́ máa ń gbàgbé RAM. Mo ti sọ pé inú RAM kọ̀ǹpútà ni ti inú ti ń yá àyè lò. Bí RAM bá ní àléébù, tàbí tí kò jókòó dáadáa, àléébù náà lè jáde lójú síkírìnì bí àmì kékèké aláwọ̀ oríṣiríṣi, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí káàdì ń kú. Ẹ yọ RAM, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ dá a padà. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ẹyọ kan dán an wò, kí ẹ tún fi ìkejì dán an wò. Mo mọ ẹ̀rọ tí wọ́n ti fẹ́ gbé sábẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná láti fi jí chip graphics rẹ̀, tó sì jẹ́ pé RAM ló ń ṣe é.

Bí BIOS bá mọ́, tí Windows bá wọlé tí ìlà wá bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ Safe Mode. Níbẹ̀, Windows kì í lo driver NVIDIA tàbí AMD, driver gbogbogbòò tirẹ̀ ló ń lò. Bí ohun gbogbo bá dákẹ́ rọ́rọ́ ní Safe Mode, ojú ti ń kúrò lára káàdì, ó ń lọ sára driver.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí driver, torí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹjọ́ wa wà. Nígbà púpọ̀, ilé iṣẹ́ méjì ló ṣe graphics inú ẹ̀rọ kan, driver méjì ló sì ní láti bá ara wọn ṣiṣẹ́. Windows Update lè dé lóru kó gbé Intel tuntun sórí NVIDIA ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kí wọ́n má mọ ara wọn mọ́. Èyí tó le jù ni àwọn lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ní Intel HD 3000 àti Radeon HD 6000. Àwọn tó ṣe lápútọ́ọ̀pù yẹn ló di driver méjèèjì pọ̀ fún ẹ̀rọ tiwọn. Bí o bá lọ mú ti Intel nìkan láti ojúlé Intel lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti AMD lè dákẹ́. Fún irú wọn, ojúlé ẹni tó ṣe lápútọ́ọ̀pù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà ní abẹ́ ẹ̀rọ síbẹ̀, kí ẹ sì mú driver tó wà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́. Fún àwọn ẹ̀rọ tuntun, ẹ lè mú un lọ́dọ̀ NVIDIA, AMD tàbí Intel tààrà.

Ẹ tún mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ kì í gbé driver tuntun jáde fún káàdì kan títí láé. AMD ti gbé HD 5000 àti HD 6000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ọdún 2015. NVIDIA dáwọ́ driver géèmù tuntun dúró fún ìran Fermi ní oṣù kẹrin ọdún 2018, nínú ìran yẹn sì ni GT 525M àti GT 540M wà, tí ẹ ṣì ń rí nínú tòkunbọ̀ títí di òní. Bí ẹnì kan bá ń fi ipá gbé driver ọdún yìí sórí irú wọn, kò ní gbà, kì í ṣe pé káàdì kú.

Bí driver bá ti dàrú mọ́ra wọn, ẹ má kàn máa da tuntun lé àtijọ́ lórí. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Display Driver Uninstaller, DDU ni a máa ń pè é. Ẹ kọ́kọ́ gba driver tí ẹ máa lò sórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì, kí Windows má baà sáré gbé tirẹ̀ wọlé nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wọ Safe Mode, ẹ fi DDU gbá gbogbo driver graphics kúrò, ẹ restart. Èmi máa ń fi driver chipset, ti bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, síwájú, ti inú á tẹ̀lé e, adádúró ló ń gbẹ̀yìn, mo sì máa ń restart láàárín wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń tò ó bó ṣe wù wọ́n tó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí mo ṣe ń ṣe é yìí, mi kì í padà sídìí rẹ̀.

Restart ni mo wí, ẹ kíyè sí i. Láti Windows 8, lọ́dún 2012, Fast Startup ti wọlé. Bí o bá yan Shut down, Windows ò kú tán, ó ń tọ́jú apá kan ara rẹ̀ sórí dísìkì, ohun kan náà ló sì ń gbé jáde bí o bá tún tàn án. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á ní òun ti pa á, òun ti tàn án, kò lọ. Òótọ́ ló ń sọ. Ẹ bá a restart.

Àmì ìkìlọ̀ kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan máa ń wà lára orúkọ káàdì nínú Device Manager, bí ẹ bá ṣí i, ẹ máa ń rí Code 43. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé Windows ti dá ẹ̀rọ náà dúró torí pé ẹ̀rọ náà ròyìn ìṣòro. Kò sọ irú ìṣòro. Kì í ṣe ìwé ikú. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n, ẹ tún un tàn. Bí kò bá lọ, ẹ ṣe ti DDU. Bó bá tún padà lẹ́yìn driver tó mọ́, tó bọ́ sí i, tí wọ́n sì gbé BIOS tuntun sí i, a lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń dẹ́rù ba èèyàn ni pé síkírìnì á ṣú díẹ̀, á padà, Windows á ní driver ò dáhùn mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ti wá gbádùn. Bí graphics bá gba iṣẹ́ tí kò dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, Windows á tún driver náà gbé dìde. Ó lè jẹ́ driver, ó lè jẹ́ ooru, ó lè jẹ́ iná tí kò tó. Bí ojú ẹ̀rọ bá ṣú tí kò padà, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, Ctrl, Shift àti B lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ á dún, á tún driver gbé dìde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni iṣẹ́ wọn ì bá má sọnù ká ní wọ́n mọ èyí.

Ooru àti iná, ilé wa ni wọ́n ń gbé. Nínú ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù, páìpù bàbà kan náà ló ń kó ooru kúrò lára processor àti adádúró. Bí eruku ọyẹ́ bá dí ẹnu rẹ̀, processor á gbóná, adádúró á bá a gbóná, àwọn méjèèjì á dín iyára kù láti gba ara wọn là. Oníbàárà á ní géèmù ń sáré fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń wọ́. Ẹ fi ètò HWiNFO tàbí GPU-Z wo ìwọ̀n ooru rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ẹ gbọn eruku, ẹ pààrọ̀ ìpara tó wà láàárín páìpù àti chip, ẹ sì bẹ oníbàárà kó yé gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní ti iná, adádúró kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ lórí bátìrì. Bí bátìrì tòkunbọ̀ bá ti dọ́gbọ́n kú, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ṣájà ni ẹ jẹ́ kí a bojú wò. Lápútọ́ọ̀pù tó ní adádúró lè jẹ́ pé ṣájà wáàtì 130 ló bá a wá, kí ẹni tó tà á fi wáàtì 65 rọ́pò rẹ̀ torí ẹnu wọn bára mu. Ẹ̀rọ á tàn, á gba iná, àmọ́ á máa fà. Àwọn Dell kan máa ń kọ ọ́ síta bí wọ́n bá ń tàn pé wọn ò dá ṣájà mọ̀, àwọn èèyàn á sì tẹ bọ́tìnì kọjá láìkà á. Ẹ ka wáàtì tó wà lẹ́yìn ṣájà kí ẹ tó tú ẹ̀rọ rárá.

Ó wá ku èyí tó kú lóòótọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀, mi ò ní tan yín. Ní oṣù keje ọdún 2008, NVIDIA fúnra rẹ̀ kéde pé òun ń ya mílíọ̀nù dọ́là 150 sí 200 sọ́tọ̀ fún àléébù kan nínú àwọn chip lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, torí ohun èlò tí wọ́n fi so chip mọ́ àga rẹ̀, ìyẹn pátákó kékeré tó jókòó lé, kò lágbára tó. Ooru ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń ya nínú. Lẹ́yìn náà ni ti MacBook Pro ọdún 2011 dé, èyí tó ní Intel nínú processor àti Radeon adádúró. Ìlà, àwọ̀ tó dàrú, ẹ̀rọ tó kọ̀ láti tàn. Ní oṣù kejì ọdún 2015, Apple gbà láti máa tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, látorí èyí tí wọ́n tà láti ọdún 2011 títí dé àwọn kan ní 2013.

Ẹ wo ohun tí NVIDIA sọ lọ́dún 2008 dáadáa, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ mi. Àárín chip àti àga rẹ̀ ni àléébù wà, kì í ṣe àwọn hóró ojé tó wà láàárín àga àti bọ́ọ̀dù. Torí náà, bí a bá gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i, tàbí tí a yọ ọ́ tí a tún hóró ojé rẹ̀ tò, ó lè jí, torí ooru ti tẹ ohun tó ya nínú pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Á tún kú. Owó tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà á ti tán nígbà yẹn. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ sọ òótọ́ fún un kó tó sanwó: kò ní pẹ́. Bí ẹ bá rí chip tuntun tí ẹ sì ní irinṣẹ́ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ chip náà pátápátá.

Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ò ronú kàn. Bí adádúró inú ẹ̀rọ Optimus bá kú, ẹ̀rọ lè má kú. Ti inú ṣì wà, òun ló sì mú síkírìnì lọ́wọ́. Ẹ pa adádúró nínú BIOS bí ẹni tó ṣe é bá fi àyè ìyẹn sílẹ̀, tàbí nínú Device Manager. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn á ṣì kọ iṣẹ́ rẹ̀, á ṣì wo fídíò, á ṣì bá ilé ìwé rẹ̀ pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kódà ti inú Intel ní Quick Sync tó ń mú kí fídíò jáde kíákíá. Kò ní lè fi ṣe géèmù ńlá. Àmọ́ ó sàn ju kí a sọ ẹ̀rọ rẹ̀ di ẹran àpatà tí a ń yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ tà.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba Linux, tí àwọn kan ń lò dípò Windows, torí mo rí i pé àwọn kan nínú yín ń lo Ubuntu, ọ̀kan nínú oríṣi Linux. Ìyà jẹ àwọn tó ń lo Linux lórí ọ̀rọ̀ Optimus yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, ní Yunifásítì Aalto ní Finland, obìnrin kan béèrè ọ̀rọ̀ lápútọ́ọ̀pù Optimus rẹ̀ lọ́wọ́ Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, ìdáhùn ìbínú tí Torvalds fún NVIDIA lọ́jọ́ náà sì ká gbogbo ayé. Nǹkan ti sàn púpọ̀ láti ìgbà yẹn. Láti driver 435 ti ọdún 2019, NVIDIA fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ kí ti inú gbé síkírìnì, kí adádúró máa ya èyí tó bá wù ọ́. Lórí Ubuntu, ẹ kọ prime-select query nínú terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, á sọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ lspci, bí ẹ bá rí i tó pe NVIDIA yín ní 3D controller dípò VGA, ẹ má bẹ̀rù, ohun tó ń sọ ni pé kò ní síkírìnì lọ́wọ́, bí mo ti ṣàlàyé. Bí driver bá wọlé tí kò ṣiṣẹ́, ẹ wo Secure Boot, ààbò tó ń yẹ ohun tó ń wọlé wò bí ẹ̀rọ bá ń tàn: bí ẹ ò bá fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ tí ó bi yín léèrè nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn, kò ní jẹ́ kí driver náà wọlé. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi nomodeset kún ìlà GRUB, ètò tó ń gbé Linux dìde, kí ẹ lè wọlé lọ tún un ṣe.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò HDMI ti bọ́ọ̀dù wà lókè, ti káàdì wà nísàlẹ̀. Bí wáyà bá wà ní ti bọ́ọ̀dù, ti inú ló ń ṣiṣẹ́, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí àwòrán rárá, torí BIOS máa ń pa ti inú bó bá ti rí káàdì. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi í sínú ti káàdì.

Ẹ̀yin tí ẹ máa lọ ra tòkunbọ̀ ní Ọtígbà ní Ìkẹjà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ní kó tan ẹ̀rọ, ẹ wọ BIOS kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹ wọ Device Manager, kí orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀ láìsí àmì ìkìlọ̀. Ẹ ka wáàtì ṣájà. Ẹ gbé ètò kan tó ń da graphics láàmú dání lórí fláàṣì yín, ẹ fi High performance ṣí i, ẹ ṣí Task Manager sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ jókòó tì í kó gbóná. Ẹni tó ń tà á lè máa kánjú yín. Ẹ má dìde.

Àwọn tó gbé lápútọ́ọ̀pù dání wá, mo rí bí mẹ́ta níwájú níbí, ẹ gbé wọn bọ̀ lórí tábìlì. Ẹ ṣí Task Manager sílẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín.